Bí Sàbítù Fọkanáísà Ṣe Gba Àgbẹ̀ Kékeré Sílẹ̀ Nílé Géèmù Àlájà

Sàbítù Àrẹ̀mú, mo kí ọ! Ọmọ Làsísì a-fẹ́-táyà-má-sinmi, ọmọ-ọmọ Búsàrí tó lẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìyàwó tuntun lójú ọ̀nà, tí ìyàwó sì dé ilé ọkọ kí oòrùn tó wọ̀. Ìran tí ìṣó ń bẹ̀rù, ìran tí ihò kì í sá mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ gbé afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, tí afẹ́fẹ́ sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìdílé ẹlòmíràn ń yangàn pé baba àwọn gun ẹṣin lọ sógun. Baba tiyín ló fẹ́ táyà fún àwọn tó ń sá fógun, àwọn ló sì yè. Bí mo bá purọ́, kí ẹni tí táyà rẹ̀ kò jò rí ní Ìkirun wá já mi nírọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táyà kọ́ ni mo bá wá lónìí. Ogun ni mo fẹ́ ròyìn, ogun ńlá tí Sàbítù jà nínú ilé géèmù Àlájà Múníràtù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó ti kọjá ọ̀dọ́ ti ń fi àtàǹpàkò wá òkìkí. Tẹlifíṣàn ibẹ̀ ti dàgbà, ẹ̀yìn ló sì yọ ikùn sí. Eré kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn: àgbẹ̀ kékeré kan tó ń fo kòtò, tó sì ń lé eṣú kúrò lóko. Hóró àwọ̀ onígun mẹ́rin ni wọ́n fi tò ó, bí ìgbà téèyàn bá fi àgbàdo to àwòrán sórí àtẹ: hóró dúdú méjì lojú, hóró kan nimú, ẹnu kò tilẹ̀ sí, ọkọ́ sì wà léjìká. Síbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Kò sí ẹni tó wo àgbẹ̀ yìí tí kò rí ẹni tó mọ̀ lójú rẹ̀. Kàmọ́rù ọlọ́kadà ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ṣakí ni. Bàbá Alágbàfọ̀ ní lándíláàdì òun ni, ó tilẹ̀ máa ń rọra kí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ilé yìí ni Sàbítù ti ń jọba. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń dùn mí: láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, ìdí táyà onítáyà lọkùnrin yìí ń lóṣòó sí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan laráyé ń rí, ohun tí wọ́n sì ń wí fún un kò ju "Fọkanáísà, ṣe kíá, mo ń lọ." Ṣùgbọ́n bó bá ti di páàdì tí wọ́n fi ń darí eré mú, tí àgbẹ̀ kékeré gbéra sọ, gbogbo àwa tí a rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé a hó yèè: "Àrẹ̀mú! Àrẹ̀mú!" Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń fi oríkì pè é. Kòtò kan ṣoṣo ló kù tí kò fò rí, èyí tó gbẹ̀yìn, tí Ọba Eṣú jókòó sí òdì kejì rẹ̀, tó ń mi ìwo orí rẹ̀ bí olóyè tí ń gba ìkíni.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Jámíù, ọmọ àbúrò Àlájà, fi ti Ìlọrin dé pẹ̀lú tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ àti ẹ̀rọ géèmù tuntun. Àwòrán tirẹ̀ kì í ṣe ti hóró. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbẹ́ ẹ bí ère: o lè wò ó níwájú, o lè yí i ká kí o rí ìpàkọ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ ń jù. Jámíù ní ayé ti kúrò níbi àwòrán oníhóró.

"Àlájà mi, ẹ jẹ́ ká gbé àgbá yẹn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù," ló wí, ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí tẹlifíṣàn àgbà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé kò sì lè gbé méjèèjì. Bí wọ́n bá tan fáànù lásán lé e, ikọ́ ló máa ń wú. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. Ìbànújẹ́ gba ọkàn Sàbítù, nítorí ó mọ̀ pé bí àgbẹ̀ kékeré bá bá àwọn onírin lọ, orúkọ tòun náà bá a lọ nìyẹn. Ó tọ Àlájà lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ẹ jẹ́ kí ará àdúgbò wo méjèèjì ná."

Àlájà ní ó dáa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn yóò fi méjèèjì ṣeré níṣojú òun. Èyí tí àwọn ará ojú fèrèsé bá yàn ni yóò dúró. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i kí Àlájà jókòó sínú ilé géèmù, nítorí iwájú ilé ló máa ń wà, nídìí jẹnẹrétọ̀, bí ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn.

Jámíù ló kọ́kọ́ jókòó. N kò ní ṣe ẹ̀tanú: àwòrán rẹ̀ rẹwà. Nígbà tí akọni rẹ̀ yọ, tí a rí irùngbọ̀n rẹ̀ ní fọ́nrán-fọ́nrán, ẹnu ya Sàbítù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀, gbogbo inú tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òrùlé di ilẹ̀, ògiri di ọ̀run, Kàmọ́rù tí kì í bẹ̀rù eré àsápajúdé lórí ọ̀kadà sì di irin fèrèsé mú gbágbáágbá, òòyì ti ń kọ́ ọ.

"Jámíù," Bàbá Alágbàfọ̀ ké láti ìta, "èwo gan-an ni ìwọ nínú wọn?"

"Èmi lèyí tí ẹ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ yìí, Bàbá."

"Ẹ̀yìn? Ṣé ẹ̀yìn ni mo wá wò? Ó dáa, ta ló jọ nínú àwọn tí a mọ̀?"

"Kò jọ ẹnì kankan, Bàbá. Ara rẹ̀ ló jọ."

Bàbá Alágbàfọ̀ mi orí, ó ní àlejò ni nígbà náà, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kí i. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Nígbà náà ni ọmọ Làsísì dìde, Sàbítù Àrẹ̀mú, a-jókòó-ṣẹ́gun, ọ̀gágun àtàǹpàkò, erin tí ń fi ìka méjì ya igbó, ẹni tí eṣú gbúròó rẹ̀ tí wọ́n gbàgbé oúnjẹ; ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gba páàdì, ó sì tú àgbẹ̀ kékeré sílẹ̀ sójú ìjà. Kòtò àkọ́kọ́, ó fò ó bí ẹni tí ń fo àbàtà. Eṣú rọ́ dé lọ́tùn-ún, ó tẹ̀ wọ́n; wọ́n já wálẹ̀ látòkè, ó yẹ̀ wọ́n, wọ́n sì forí sọlẹ̀. Ó dé etí kòtò tó gbẹ̀yìn, ibi tí ìkánjú ti máa ń tì í ṣubú, ó sì dúró. Ó rọra ń sún, ó ń sún, títí tí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ fi ku hóró kan ṣoṣo lórí ilẹ̀. Gbogbo wa la rí hóró yẹn, títí kan ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní í fi àwòrán oníhóró wé ohunkóhun láéláé. Sàbítù tẹ bọ́tìnnì. Àgbẹ̀ fò, ó rá bàbà lókè kòtò, ó sì balẹ̀ gbì sórí Ọba Eṣú, ọba ọ̀hún sì fọ́ yángá, hóró rẹ̀ ń já bọ́ káàkiri.

Ariwo sọ! Kàmọ́rù gbàgbé òòyì, ó ń fò sókè. Oko ti dá páropáro, àgbẹ̀ kékeré nìkan ló dúró láàárín rẹ̀. Ìgbà yẹn la rí Àlájà tó dìde lórí àga, tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá mi rè é," ló wí. "Ẹ wo ọkọ́ léjìká rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan gbé ara. Bàbá mi tó ti kú rè é o! Sàbítù, jọ̀ọ́, ṣé ó lè padà sílé?"

Kò sẹ́ni tó yí àgbẹ̀ náà padà rí. Eṣú kì í fún èèyàn láyè. Sàbítù gbé àtàǹpàkò sí òsì, ó tẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ kọjú sílé, síbi tó ti gbéra. Bó sì ṣe yí padà, ọkọ́ tó wà léjìká ọ̀tún bọ́ sí òsì, bí àwòrán inú dígí.

"Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe tó bá rẹ̀ ẹ́!" Àlájà ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Tó bá ń bọ̀ wálé, á gbé e sí èjìká kejì."

Kò sẹ́ni tó tún béèrè ìdájọ́. Jámíù fọwọ́ ara rẹ̀ ká wáyà tirẹ̀, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàbítù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe dúró lórí hóró kan yẹn."

Nítorí náà, èmi tí mo wà lójú fèrèsé ń kéde fún Ìkirun àti agbègbè rẹ̀, fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń gun mọ́tò, pé láti Jímọ̀ yìí lọ, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà tí ẹ kò bá a, kí ẹ má bínú, kí ẹ má sì ránṣẹ́ pè é. Sàbítù Àrẹ̀mú wà lẹ́nu iṣẹ́: ó ń mú bàbá Àlájà bọ̀ láti oko.