Ẹ́ńjìnnì Tí Sigvaldi Fẹ́ Fi Jọba Orí Òkè

Gbogbo ọkọ̀ tó wà ní àfonífojì wa ló ń ru ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ àgùntàn kiri. Jíìpù Sigvaldi nìkan ló ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Sigvaldi, ọlọ́ṣọ̀ọ́ inú ẹrẹ̀! Sigvaldi, a-wojú-ara-rẹ̀-nínú-bọ́nẹ́ẹ̀tì! Tó bá ń nu ọkọ̀, ìwọ ṣáà kí i kóo máa lọ, torí tóo bá dúró, wàá gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni jíìpù náà ti lò láyé. Nínú oṣù Kẹfà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú fin-ín. Àsìkò tó kú kò dáa rárá. Bàbá Úlfar, tó ti jẹ Ọba Orí Òkè fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé orúnkún òun ò gbà mọ́, kí á dìbò yan ẹlòmíràn ni. Ọba Orí Òkè ló máa ń ṣáájú gbogbo wa sọdá odò òkè tí kò ní afárá, lọ kó àgùntàn wálé nínú oṣù Kẹsàn-án, kí yìnyín tó dé. Oyè yìí ò lówó nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbẹ̀, tó bá ní kí èèyàn jókòó, èèyàn á jókòó. Láti ìgbà tí Sigvaldi ti ń hu irùngbọ̀n ló ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Wọ́n fi okùn wọ́ jíìpù lọ sọ́dọ̀ Steinunn, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ oní-dísẹ́lì, láti inú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, gírísì ti bò ó. Èkejì jẹ́ oní-pẹtiróòlù, oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ, láti ara bọ̀gìnnì Amẹ́ríkà kan. Ìdérí rẹ̀ ń dán yanran.

"Èyí ni kóo gbé," ni Steinunn wí, ó gbá oní-dísẹ́lì náà pẹ́pẹ́. "Kò wúwo, gíà rẹ á gbà á, kò sì ní plọ́ọ̀gì tómi máa pa."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Bí ẹ́ńjìnnì."

"Ṣé wọ́n á gbọ́ ọ délé Bàbá Úlfar?"

"Àbúrò mi, ṣé odò lo fẹ́ sọdá ni, àbí ìpàdé lo fẹ́ pè?"

Sigvaldi ti bẹ̀rẹ̀ síwájú èkejì, ó ń wo eyín ara rẹ̀ nínú ìdérí. "Ẹ̀gbọ́n Steinunn, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé èyí kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ọba?"

"Ẹ́ńjìnnì títì ọlọ́dà ni. Ó ti wúwo jù, imú ọkọ̀ á tẹ̀ sílẹ̀. Tómi bá kàn án, ó parí."

"Odò á gbóhùn mi, á yà lọ́nà."

Steinunn mí kanlẹ̀, ó fi oníplọ́ọ̀gì mẹ́jọ náà sí i. Ó de páìpù gíga kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí lókè omi. Sigvaldi wo páìpù náà fún ọjọ́ méjì, ó tú u. Ó tún gé ihò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ìdérí tó ń dán lè yọ síta.

"Ṣé kì í ṣe Steinunn ló ní kóo lò ó ni?" Bergljót ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Steinunn kọ́ ló fẹ́ jọba."

Ó wá ń ti oko kan dé òmíràn láti wá ìbò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, ẹṣin á já okùn. Lóko kan, adìyẹ ò yé ẹyin fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá sì rí jíìpù kékeré oní-dísẹ́lì ti Steinunn, á rẹ́rìn-ín: "Ẹ fún un lóògùn ikọ́!"

Ọjọ́ ìkẹ́ran-wálé pé. Àwọn darandaran wa ti kó ẹgbẹ̀rún àgùntàn dé òdìkejì odò. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n ti ń jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Lápá ibí, ìkòkò ọbẹ̀ ẹran ńlá kan ń hó.

"Ta ló máa gbé e sọdá fún wọn?" Bàbá Úlfar béèrè.

"Èmi! Kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ayé máa wò."

Wọ́n gbé ìkòkò sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó kó sódò gbùà. Nígbà tó dé àárín, ó dúró. Kò sóhun tó dá a dúró o. Ó rí fóònù tí wọ́n gbé sókè ni, ó fẹ́ kí wọ́n ya òun dáadáa. Ó tẹ iná. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, imú ọkọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mumi, odò sì gba ihò bọ́nẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ́ńjìnnì sín. Ó tún sín. Ló bá dákẹ́.

Sigvaldi gba ojú fèrèsé yọ, ó gun orí ọkọ̀. Ìkòkò gba ẹ̀yìn jáde, ó dojú dé, kárọ́ọ̀tì àti ẹran bá odò lọ.

"Sigvaldi! Ọbẹ̀ wa!" ni wọ́n ń ké lódìkejì.

"Ẹ fara balẹ̀! Ó kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni!"

Àwọn àgùntàn ò lè dúró dè é. Gbogbo wọn wọ́ gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá. Abo kan tiẹ̀ dúró, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní "mẹ̀ẹ̀ẹ́," ó bá tirẹ̀ lọ.

Steinunn ló gbé jíìpù kékeré tó nílò oògùn ikọ́ náà wọ odò, okùn lọ́wọ́.

"Páìpù tí mo fi sí i dà?"

"Ó... ó wà nílé."

"Ó gbẹ, àbí?"

Gbogbo etí odò bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó mọ́ iwájú! Okùn á ha ìdérí mi!"

Ó so ó mọ́ iwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́, létí ọgbà àgùntàn, Bàbá Úlfar dìde. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Sigvaldi jọba, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló lọ sókè, omi ṣì ń kán lápá aṣọ rẹ̀. Sigvaldi yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí i. Bergljót fọwọ́ méjèèjì di ife kọfí rẹ̀ mú, ó ń wo àgùntàn.