Tùràrí Nínú Yàrá Lésà

Bí mo tiẹ̀ gbàgbé gbogbo nǹkan mìíràn láyé, ọjọ́ tí mo sun tùràrí nínú yàrá lésà kò ní tán lọ́kàn mi.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ yẹ iṣẹ́ ìwádìí mi wò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Ìlọrin. Ìmọ́lẹ̀ lésà kan ṣoṣo, tí mo ti ṣètò kó máa gbọ̀n sí ìhà kan ṣoṣo, ni kí n darí gba inú àwọn díńgí mi, kó pín, kó sì kó ara jọ sí ojú mẹ́rin lórí páálí funfun. Ọ̀gá mi ti là á mọ́lẹ̀ pé bí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá hàn, mo máa lo ọdún kan sí i.

Ìyá mi, tó ń ta ìborí ní Ọjà Tuntun, ò gbọ́ ju pé àlejò ń bọ̀. "Èèyàn ńlá á wọlé kí yàrá má ta sánsán? Wọ́n á ní a ò kọ́ ẹ nílé!" Ó di tùràrí àti èédú fún mi. Èmi alákọ̀wé náà sì gbà á.

Nígbà tí mo dé yàrá lésà, mo finá sí èédú, mo bu tùràrí díẹ̀ sórí ẹyinná. Òórùn ò tètè jáde, ni mo bá da gbogbo rẹ̀ sí i. Bóyá ọpọlọ mi ti lọ sùn nígbà yẹn.

Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò fi máa wọlé, èéfín ti gba yàrá. Bàbá àgbà kan nínú wọn sín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

"Kí lò ń sè níbí?" ọ̀gá mi béèrè.

"Ẹ má bínú, sà, mò ń kí àlejò ni."

Mo tan lésà. Bàìbàì ni gbogbo rẹ̀ rí lórí páálí. Mo fi etí ìborí mi lé èéfín, ìborí kọ́ páálí, páálí ṣubú.

Ni bàbá tó ń sín bá pariwo: "Ẹ dúró! Kẹ́nikẹ́ni má mira!"

Nínú èéfín, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé náà hàn kedere. Ọ̀kan wọ inú díńgí, mẹ́rin jáde, ojú mẹ́rin sì ń tàn yòò nínú afẹ́fẹ́ lásán. A ò rí i bẹ́ẹ̀ rí lórí páálí! Inú mi dùn débi pé mo fò sókè.

"Mà ṣà Allāh!" ni ọ̀gá mi sọ, òun náà sì sín.

Mo yege o. Ṣùgbọ́n èéfín ti lẹ̀ mọ́ gbogbo díńgí. Ọ̀gá na òwú sí mi: "Onílé tó mọ àlejò í kí, ó yá, palẹ̀ mọ́."

Mo ti kọ́gbọ́n: kéèyàn tó gbé àṣà ilé lọ síbi iṣẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ díńgí. Títí wọ́n fi pèrun alásárì nírọ̀lẹ́ ni mò ń nu díńgí, apá ń ro mí, ẹ̀rín sì ń pa mí.