Èjì, Ẹ̀ta, Ẹ̀fà, Ẹ̀ṣẹ́!

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ ti bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi gbé e kúrò. Lugbe la ń gbé nígbà náà. Délé, àbúrò ìyàwó mi, máa ń ti Wuye wá kí wa ní gbogbo Sọ́ńdè, èmi àti ẹ̀ á sì jọ gbá géèmù ìjà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá pàdánù ló ń fọ gbogbo abọ́. Èmi, odidi ọ̀gá ní mínísírì, mo fọ ìkòkò títí èékánná mi fi funfun.

Ọ̀rọ̀ náà ń bí ìyàwó mi nínú. Ó ní òun ò lè máa wo àbúrò òun kó máa fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ló bá bá mi wá ọgbọ́n ìjà tó lágbára jù nínú géèmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: 2, 3, 6, P. Wọ́n ní kí n wo bọ́tìnnì nọ́ńbà. Ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá wà ni kí n tẹ páàdì sí. P ni ẹ̀ṣẹ́. Mo wo fóònù mi. Èjì wà lókè, ẹ̀ta wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, ẹ̀fà wà lọ́wọ́ ọ̀tún gan-an. Ó ti yé mi!

Ní Sátidé yẹn, ìyàwó mi dúró tì mí, ó ń pe nọ́ńbà, mo ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní iná máa jáde lọ́wọ́ akọni mi, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń fò bíi tata, tí ọ̀tá sì ń gbá a lulẹ̀. Mo rò pé fífò yẹn ló fi ń kó agbára jọ. Ohùn ìyàwó mi wá ń lọ sókè.

"Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀fà! Ẹ̀ṣẹ́! Ẹ̀ṣẹ́ dà?"

"Mo kú o! Mo tún ti kú!"

Ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn wọlé gbàà. Ìyá Tọ́lá, aládùúgbò wa, ló ṣíwájú. Málàmù tó ń ṣọ́ géètì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá.

"Màmá Ire, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ yín sílẹ̀!"

Mo ní géèmù ni. Bí mo ṣe ní kí n nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n lè rí i, wọ́n mú iná lọ.

"Kai, Ọ̀gá, sànnu," ni Málàmù fi Haúsá bá mi kẹ́dùn, ó ń mi orí.

Ìyá Tọ́lá di ọwọ́ mi mú. "Dádì Ire, ẹ má bò ó mọ́." Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó gbàdúrà kí ẹ̀mí ìbínú fi ìyàwó mi sílẹ̀. Ìyàwó mi ń di eyín ṣe àmín. Kí ni ì bá tún ṣe?

Délé dé lọ́jọ́ kejì. Mo fò, mo fò, mo kú.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń ṣe gan-an?"

Mo ṣàlàyé, mo na fóònù sí i. Ẹ̀rín gbé e lulẹ̀ lórí àga.

"Bọ̀dá, bọ́tìnnì nọ́ńbà ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wí! Ìsàlẹ̀ ni èjì wà níbẹ̀!"

Kọ̀ǹpútà tí mò ń tẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ní ọ́fíìsì!

Ó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Kí n tó máa yára sọ pé nǹkan ti yé mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Títí dòní, tí mo bá rántí, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí.