Bóòtù Tí Mo Nù Fún Àlejò

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, n ò ní gbàgbé ọjọ́ tí olùyẹ̀wò wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkàrẹ́. Bóòtù, irin tí wọ́n fi ń de ẹ̀rọ pọ̀, la ń ṣe. Ilé iṣẹ́ kan tó ń to bàálù kékeré aláìláwakọ̀, èyí táwọn ṣọ́jà fi ń ṣọ́ igbó, fẹ́ máa rà á lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ olùyẹ̀wò náà pé iṣẹ́ wa péye. Ẹ̀yin èèyàn mi, bóòtù Ìkàrẹ́ fẹ́ fò lójú ọ̀run! Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí.

Ọ̀gá wa, obìnrin ọmọ Ọ̀kà tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ní kí n tún ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó sì lọ pàdé àlejò ní gáréèjì. Mo gbálẹ̀, mo nu ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni mo rí abọ́ pupa tí a ń da bóòtù tí kò péye sí. Ta ní í fi nǹkan tó bàjẹ́ han àlejò? Mo da gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn tó dára nínú tíréè, mo fi epo pa wọ́n, wọ́n ń dán gbinrin. Abọ́ náà ńkọ́? Mo fọ̀ ọ́, mo bu omi ìfọwọ́ sí i, mo gbé e ti iyán tí mo ti rà sílẹ̀.

Olùyẹ̀wò wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó wá jẹun.

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọdọ̀ jẹun lọ́wọ́ ẹni tí mo wá yẹ̀ wò. Níbo lẹ kó àwọn tó bàjẹ́ sí?"

Mo yọ eyín. "Kò séyìí tó bàjẹ́ níbí o, sà!"

Ọ̀gá mi wo abọ́ omi, ó wò mí. "Kí lo ṣe fún mi yìí?"

Olùyẹ̀wò wọn bóòtù kan, kò péye. Ó wọn òmíràn, ìyẹn dára. "Èwo wá ni kí n gbà gbọ́? Bí ọ̀kan bá tú lókè, orí ta ni bàálù máa já lé?"

Mo ní bóyá orí igbó. Ọ̀gá mi ní kí n panu mọ́.

Wọn ò fún wa níwèé-ẹ̀rí lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Èmi àti ọ̀gá la jẹ iyán náà. Èmi náà ni mo jókòó tún gbogbo bóòtù wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ya burúkú sọ́tọ̀. Nígbà tí olùyẹ̀wò padà wá, àwọn tó bàjẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, ó sì buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí fún wa. Mo fò sókè!

Mo ti kọ́gbọ́n pé kí èèyàn má fi àbùkù iṣẹ́ pamọ́. Àfi pé mo ti kọ́ ọ jù. Nígbà táwọn àna mi wá kí wa, wọn ò tíì jókòó tí mo ti fi òrùlé tó ń jò hàn wọ́n. Ìyàwó mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí di báyìí, ẹ̀rín ara mi sì ń pa mí.