Ọjọ́ Tí Mo Fi Aṣọ Bo Ògiri Bàbá

Ọjọ́ kan wà ní Yábàá tí ò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tiẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn àṣà kan tí wọ́n ti kọ́ kí wọ́n tó bí mi: ilé kọnkéré gbọọrọ, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ògiri rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n fẹ́ yẹ́ Bàbá kan láti Ìwáyà sí, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn bíríkìlà tó kọ́ ọ.

Mo wo ògiri yẹn, mo pòṣé. Ṣé ilé tí wọn ò kọ́ parí nìyí? Ni mo bá ta aṣọ funfun bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú ilé náà ní, "Àǹtí, àwọn ihò yẹn níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, mo mọ iṣẹ́ mi." Ẹnu mi yìí á pa mí lọ́jọ́ kan.

Bàbá dé tòun tọ̀pá, ọmọọmọ rẹ̀ obìnrin dì í lọ́wọ́ mú. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ògiri mi dà? Ojú mi ti ń ṣókùnkùn. Dókítà ní kò ní pẹ́ fọ́ tán. Mo ní kí n wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó wà lẹ́yìn aṣọ. Mo ti bá yín tún un ṣe."

Bàbá jókòó, ó kọjú sí aṣọ náà. Ó yẹ kó ti yé mi nígbà yẹn, àmọ́ ìgbéraga ò jẹ́.

Àfi bí iná ṣe lọ, tí fáànù dúró. Àṣé àwọn ihò yẹn ló ń gbé atẹ́gùn wọlé, èmi sì ti dí wọn pa! Inú ibẹ̀ gbóná bí ààrò. Alága sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó bọ́ agbádá. Àtíkè ojú mi ń ṣàn sí ọrùn. Mo yọ́ lọ sídìí ògiri kí n tú aṣọ díẹ̀. Mo fà á, kò já. Mo tún fà á, gbogbo rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan náà: ó bo èmi, ó bo alága, ó bo Bàbá tọ̀pá-tọ̀pá. Yéè, mo gbé!

Nígbà tí wọ́n fi máa yọ wá, atẹ́gùn ti ń fẹ́, oòrùn ti gba inú ihò wọlé. Bàbá dìde, ó ń fọwọ́ tọ ògiri náà lọ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró níbì kan.

"Búlọ́ọ̀kù yìí wọ́," ó sọ fún ọmọọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo tò ó. Ọ̀gá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa lórí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Àmọ́ tí n bá kú, má wá ṣe pósí mi lọ́ṣọ̀ọ́ o."

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá dé ilé tí mi ò mọ ìdí ẹ̀, mo máa ń bèèrè kí n tó tú àpò aṣọ. Tí mo bá rántí, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kì í sì í pẹ́ lẹ́nu mi. Ojú Bàbá ti fọ́ báyìí. Nínú ìwọ̀nba ìríran tó kù fún un, odidi wákàtí kan ló fi wo aṣọ mi.