Bí Láwuyì Ṣe Fi Agolo Méjì Dá Ìyá Rẹ̀ Dúró

Ẹ yàgò lọ́nà, ẹ jẹ́ ká kí Láwuyì, ọmọ Arógundádé, ọmọ ọkùnrin tó húkọ́ nínú ilé rẹ̀ tí adìyẹ ilé kejì fi ẹyin sílẹ̀ sá lọ, ọmọ-ọmọ ẹni tó dúró lórí òkè pe ará oko wálé wá jẹun, tí ará oko ìlú kejì náà gbéra! Àwọn mìíràn jogún kòkó, àwọn mìíràn jogún ilé; ohùn ni ti ìdílé wọn.

Àfi bí etí Màmá, ìyá Láwuyì, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Gbogbo ilé ń jágbe kó lè gbọ́, ìyá àgbà sì rò pé ìbínú ni. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ọ̀sán lòun máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹnu sún mọ́ etí òun mọ́. Ó dun Láwuyì wọ egungun.

Ni Láwuyì, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, ajagun-má-mú-idà, bá dìde. Ó lu ihò sí ìdí agolo mílíìkì méjì, ó fi okùn tín-ínrín so wọ́n pọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn kò lẹ́sẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló ń mì, bí omi inú báfù tí a sọ òkúta sí. Bó ṣe ń tàn káàkiri ni agbára rẹ̀ ń tán. Ṣùgbọ́n okùn tó nà tantan kì í jẹ́ kó fọ́n ká: ìdí agolo á gbọ̀n, okùn á gbọ̀n, agolo kejì á gbọ̀n, awọ inú etí á sì gbà á.

Mojírọ́lá ìyàwó rẹ̀ na agolo kan sí Màmá lójú fèrèsé, ó fọwọ́ júwe pé kó fi sétí. Láwuyì ba sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rọra wí sínú agolo kejì pé, “Màmá, ẹ má lọ o.”

Màmá ju agolo nù. “Ẹ gbà mí o! Ta ló ń pè mí? A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí!”

Mojírọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Bàbá Tómi, wọ́n gbọ́ o! Iwin ni wọ́n pè yín.”

Akọni bá jáde níbi tó ba sí. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kí okùn má bàa dẹ̀, ó la oko ewúro kọjá, ó já sínú gọ́tà, omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Balógun wo lẹ rí tó fi ẹ̀yìn rìn lọ sójú ogun? Láwuyì ni!

Mojírọ́lá dá agolo padà sétí Màmá. Màmá ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀: kò là á gbàù, iṣan ọrùn rẹ̀ kò sì ta.

“Màmá, èmi ni. Inú ò bí mi sí yín rí.”

Ìyá àgbà wo agolo, ó wo ọmọ, omijé gbà á lójú. Ó gbé agolo sẹ́nu. “Láwuyì, o kúkú mọ̀ ọ́n sọ jẹ́jẹ́ báyìí? Kí ọkọ̀ yẹn máa lọ.”

Háà, ayọ̀! Láwuyì fò jáde nínú gọ́tà, ó fi odindi ohùn Arógundádé kéde pé: “Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀, kó dúró níbi tí wọ́n ti lè rí i, kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sínú agolo!” Gbogbo àdúgbò gbọ́, awakọ̀ tó wà ní ìkòríta gbọ́. Màmá nìkan ni kò gbọ́. Ó ń tú ẹrù rẹ̀.