Bí Mo Ṣe Ti Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀ṣì Àna Mi Pa

Kí n gbàgbé orúkọ ara mi ná, kí n tó gbàgbé ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá Ṣadé l'Oǹdó. Ṣadé lọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́; bàbá rẹ̀ sì lọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kí bàbá yìí ṣáà fẹ́ràn mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi àti Ṣadé ti bá Bàbá. Ìsìn ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi mú mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé orin sára ògiri. Wọ́n ní àwọn akọrin kan ń yí ọ̀rọ̀ orin inú rẹ̀ padà.

"Ṣadé ní o gbọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣé o lè tì í, kí wọ́n máa rí i kà, kí wọ́n má lè yí i padà?"

"Ìyẹn ò tó nǹkan, sà." Ẹnu mi yìí!

Mo lè fi máòsì ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ìyàwó ni mí, mo fẹ́ kí Bàbá rí iṣẹ́. Mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, mo ń tẹ bọ́tìnnì pá-pá-pá: kí gbogbo ohun tó wà nínú fódà orin, ìyẹn àpò tí wọ́n kó orin sí nínú kọ̀ǹpútà, di kíkà nìkan. Mi ò mọ̀ pé mo ti fi àlàfo bíńtín kan síwájú orúkọ fódà náà. Àlàfo yẹn gé àṣẹ mi sí méjì, kọ̀ǹpútà wá gbà pé gbogbo inú òun látòkè délẹ̀ ni mo ní kó tì.

Ó sì tì í. Orin ò ṣí. Mo kọ àṣẹ tí yóò tú u. Ó ní èmi ò láṣẹ. Èmi tí mo tì í! Mo tún un kọ, ó tún lé mi. Àṣé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣí nǹkan gan-an wà lára ohun tí mo tì: òun náà ti di kíkà nìkan, kò ṣeé lò mọ́. Orí mi dàrú. Mo pa á kí n lè tún un tàn, kò tàn mọ́.

"Ó ti parí?" ni Bàbá bi mí.

"Ó ti parí pátápátá, sà."

Ìjọ ti jókòó. Bàbá wo ògiri funfun, wọ́n wò mí. Wọn ò bínú, ìyẹn ló tún dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n kàn na ìwé orin sí mi.

"Bọ́ síwájú. Máa pè é fún wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń ṣe nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀wé."

Èmi tí ohùn mi máa ń lé ewúrẹ́! Mo pe ìlà àkọ́kọ́, wọ́n gbè é. Mo pe ìkejì, ohùn já, àwọn ìyá tó wà níwájú fọwọ́ bonu. Mo fo odindi ìlà kan, akọrin gba ọ̀tún, ìjọ gba òsì. Ṣadé tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá yẹtí. Orin náà ò sì tètè tán, ẹ gbà mí o!

Lẹ́yìn ìsìn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. Mo ti gbà pé ìyàwó ti lọ.

"Dìde jàre," ni wọ́n wí, ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. "Ẹni tó lè kọ irú orin burúkú yẹn dópin láìsá lọ, á lè bá ọmọ mi gbé. Wá mú ìyàwó rẹ. Kọ̀ǹpútà wa nìkan ni kó o má fọwọ́ kàn mọ́."

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ka àṣẹ tí mo bá kọ dáadáa kí n tó rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́, pàápàá bí àna bá wà nítòsí. Wọ́n ti pe ẹlòmíràn wá tún tiwọn ṣe. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹnìkan á rọra lọ fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.